Ẹ̀rù Àfọwọ́ṣe ní Ojúde Ilé

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti jókòó níwájú wa rí ní ilé-ìwé, tí ó ti di bàbá ọmọ nísinsin yìí ní ìlú Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ìwé sí wa. Lẹ́yìn tí ó ti kí wa, tí ó sì ti béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé, ó gbé ọ̀ràn kan kalẹ̀ tí ó ń dà á láàmú. Ó ní bí oṣù October bá ti dé, àwọn aládùúgbò òun a sọ iwájú ilé wọn di itẹ́ òkú. Wọn a ri òkúta ibojì mọ́ àárín koríko, wọn a so iwin rọ̀ sára igi, wọn a sì gbé egungun òkú ènìyàn jókòó sórí àga bí ẹni tí ń gba afẹ́fẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ti wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní ògbólógbòó aṣọ ibùsùn kan, kí òun lè fi ṣe iwin tiwọn. Ó parí ìwé rẹ̀ báyìí pé: "Ẹ̀yin olùkọ́ wa, kí ni kí n wí fún ọmọ yìí? Bí mo bá ní kò gbọdọ̀ ṣe é, yóò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sì ní kí ó ṣe é, ẹ̀rí-ọkàn mi ni yóò béèrè."

A kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, nítorí a rí i pé ọ̀ràn náà ju ti aṣọ ibùsùn lọ. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn jókòó ti ẹ̀rù, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó kùn ún ní ọ̀dà, kí ó sì gbé e ka iwájú ilé rẹ̀ de ọmọ ọlọ́mọ? Kí ni ó fi ń wu àwọn tí ń ṣe é? Èló ni ó ń ná wọn? Ta ni ó sì ń san owó náà ní tòótọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ àwọn tí a fi ọmọ sí ní ìkáwọ́.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ orísun. Àjọ̀dún tí a ń pè ní Halloween yìí kì í ṣe àlejò pátápátá sí àwa tí a ń lo Ìwé Àdúrà. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni alẹ́ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November ni àwa pẹ̀lú ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àwọn tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Ọjọ́ 31 oṣù October ni ó sì ṣáájú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 8 ni Póòpù Gregory Kẹta ya ilé àdúrà kan sọ́tọ̀ ní Róòmù fún ìrántí gbogbo ènìyàn mímọ́, ní ọ̀rúndún 9 sì ni àjọ̀dún ọjọ́ kìíní oṣù November tàn ká. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ireland àti Scotland ti ní àṣà tiwọn ní àkókò kan náà nínú ọdún, nígbà tí ìkórè bá parí tí òkùnkùn ìgbà òtútù sì ń bọ̀. Àṣà méjèèjì dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn ará Ireland a máa gbẹ́ inú tánípù, èyí tí í ṣe gbòǹgbò kan tí wọ́n ń jẹ, wọn a dá ojú àti eyín sí i lára, wọn a sì tan iná sínú rẹ̀. Nígbà tí ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n bá elégédé níbẹ̀, tí ó tóbi ju tánípù lọ, tí inú rẹ̀ sì rọrùn láti gbẹ́. Elégédé oníná yìí ni àgbà nínú gbogbo ohun ìdẹ́rùbani àfọwọ́ṣe tí a ń rí ní iwájú ilé wọn títí di òní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, alẹ́ ọjọ́ náà ti di alẹ́ ìpáǹle. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a yọ ilẹ̀kùn ọgbà ọlọ́gbà, wọn a fọ́ fèrèsé, wọn a sì dáná sun ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ní àkókò ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ìwà náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìlú kan fi ń ronú láti fi òfin dè é. Nígbà náà ni àwọn àgbà ìlú, àwọn ìyá ọmọ àti àwọn ẹgbẹ́ ìjọ wá ọgbọ́n mìíràn dá. Wọ́n ní, dípò kí a lé wọn, ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n wọlé. Wọ́n ṣe àsè fún àwọn ọmọ: ilé kan a pèsè oúnjẹ, ilé kejì a pèsè eré, ilé kẹta a fi òkùnkùn àti aṣọ funfun dẹ́rùbà wọ́n díẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Dennison ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí ń ṣe bébà aláwọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1909 láti máa tẹ ìwé pélébé tí ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń fi bébà ṣe àdán, ológbò dúdú àti iwin. Láàárín 1930 sí 1950 ni àṣà kí àwọn ọmọ máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti gba àdídùn tàn dé gbogbo ilẹ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fífi ìwọ̀n pín ṣúgà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i: ẹ̀rù iwájú ilé jẹ́ ọ̀nà ìlàjà láàárín onílé àti ọmọ ìta. Onílé ń wí pé, "Máa bọ̀, kí o bẹ̀rù díẹ̀, kí o sì gba àdídùn lọ́wọ́ mi." Ọmọ náà sì ju òkúta tí ì bá sọ lu fèrèsé sílẹ̀.

Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é? Iwin tí ó rọrùn jù lọ kò gbà ju aṣọ àti sítáàṣì lọ. Wọn a gbé ìgò dúró, wọn a fi bọ́ọ̀lù kékeré lé e lórí, wọn a sì fi wáyà ṣe apá méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn a rẹ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú omi sítáàṣì, irú èyí tí alágbàfọ̀ fi ń mú ọrùn ẹ̀wù dúró, wọn a sì tẹ́ ẹ lé ìgò náà lórí títí yóò fi gbẹ. Nígbà tí ó bá gbẹ, wọn a yọ ìgò àti bọ́ọ̀lù kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó kù ni aṣọ tí ó dúró fúnra rẹ̀ tí ó sì na apá, tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀.

Òkúta ibojì wọn kì í ṣe òkúta. Fóòmù líle tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ́ sínú ògiri kí òtútù má bàa wọlé ni. Wọn a fi ọ̀bẹ gé e, wọn a gbẹ́ orúkọ àwàdà sí i lára, wọn a sì kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú. Ẹni tí ó bá gbọ́n a kọ́kọ́ fi ọ̀dà olómi bò ó, nítorí ọ̀dà tí a ń fín láti inú agolo a máa jẹ fóòmù náà bí ikán ti ń jẹ igi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ̀ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́ díẹ̀, kí òkúta náà lè dà bí èyí tí òjò ti ń lù láti ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn tí iṣẹ́ náà ti wọ̀ lára a máa wá ẹ̀rọ kékeré tí ń yí wáìpà ọkọ̀ ògbólógbòó. Wọn a gbé e sókè, wọn a so okùn mẹ́ta mọ́ ọn, ọ̀kan sí orí iwin, méjì sí ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, okùn kan a fà bí èkejì ti ń dẹ̀, iwin náà a sì máa rá bàbà nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí ń wẹ odò. Àwọn mìíràn ń lo ọgbọ́n gíláàsì tí John Henry Pepper fi han àwọn ará London ní 1862. Wọn a gbé gíláàsì fífẹ̀ dúró ní ìdagun. Wọn a tan iná sí ère tí ó fara pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwòrán rẹ̀ a sì hàn nínú gíláàsì bí ẹni pé ó dúró láàárín yàrá, tí ènìyàn sì ń rí ògiri láti inú ara rẹ̀. Bí a bá pa iná náà, iwin a pòórá. Olùkọ́ ìmọ̀ ìṣẹ̀dá lè fi gíláàsì fèrèsé kan àti fìtílà kan fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìdajì wákàtí.

Ní ti owó ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí ń jẹ́ National Retail Federation ṣírò pé ní 2023 àwọn ará Amẹ́ríkà yóò ná bílíọ̀nù 12.2 dọ́là lórí àjọ̀dún náà, bílíọ̀nù 3.9 nínú rẹ̀ lórí ohun ọ̀ṣọ́ nìkan. Ní 2020 ni ilé ìtajà Home Depot gbé egungun ènìyàn oníke kan jáde tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, tí iye rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 299. Kò pẹ́ tí ó fi tán lọ́jà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè wí pé, "Ó dára, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é, kí owó má bàa ṣòfò." Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí a sọ: àfọwọ́ṣe kì í fi gbogbo ìgbà dín owó kù. Aṣọ àti sítáàṣì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n fóòmù ń fẹ́ ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ń fẹ́ ayùn, ayùn ń fẹ́ ọ̀dà, ẹ̀rọ ń fẹ́ wáyà àti iná mànàmáná, gbogbo wọn sì ń fẹ́ ibi tí a óò kó wọn sí fún oṣù mọ́kànlá tí ó kù. Ẹni tí ó bá ṣírò alẹ́ àti ọjọ́ Sátidé tí ó fi jókòó ti iṣẹ́ náà, tí ó sì fi owó ọ̀yà lé e, yóò rí i pé egungun ọjà rọjú ju tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé owó nìkan ni ó ń ti àwọn ènìyàn sí i, wọn ì bá ti fi í sílẹ̀ tipẹ́.

Kí ni ó wá ń wù wọ́n nínú rẹ̀? A rí ohun mẹ́ta. Èkíní ni ayọ̀ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ náà ni ó ń lo gbogbo ọjọ́ wọn nídìí tábìlì, níwájú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tí wọn kò sì rí ohun kan ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n lè nawọ́ sí pé, "Èmi ni mo ṣe èyí." Ìwọ̀nba àlòkù igi àti ògbólógbòó aṣọ a máa dá ọlá ọwọ́ padà fún wọn. Èkejì ni ìjọṣepọ̀. Aládùúgbò tí kò kí ẹnikẹ́ni láti oṣù January a dúró lẹ́nu ọgbà béèrè bí iwin ti ń fò, ọ̀rọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù lọ, òun náà ni ó sì kan àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó bá bá bàbá rẹ̀ po sítáàṣì, tí ó rí i bí a ti yọ ìgò kúrò lábẹ́ aṣọ, ti fi ojú ara rẹ̀ rí inú ẹ̀rù, ó sì ti rí i pé òfìfo ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí iwin náà bá ń mì nínú afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ yóò bù ú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ọwọ́ tí ó ṣe é. Ọmọ ọdún 8 tí ó ti kọ́ pé ohun tí ń dẹ́rùbani lè jẹ́ ohun tí ẹnìkan jókòó ṣe ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò wúlò fún un títí ọjọ́ ogbó. Àwọn tí yóò fẹ́ fi ẹ̀rù jọba lé e lórí kò ní ṣàìwá, ìbá ṣe wòlíì èké, ìbá ṣe olóṣèlú, ìbá ṣe ọ̀gá ibi iṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí wé eégún ilẹ̀ wa. Ìsìn ni eégún jẹ́ fún àwọn tí ń ṣe é, ará ọ̀run sì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó wà lábẹ́ agọ̀ ni a kò gbọdọ̀ dárúkọ. Ní iwájú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, orúkọ ẹni tí ó ṣe iwin ni a kọ́kọ́ ń dá, nítorí ìyìn rẹ̀ ni ó ń wá. Ohun méjì ni wọ́n, ẹni tí ó bá sì dá wọn pọ̀ kò ṣe òtítọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn.

Títí dé ibí yìí, ẹnìkan lè rò pé a ti dá eré náà láre. Ó kù síbẹ̀, nítorí a kò tíì sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń san owó tí kì í jáde nínú àpò onílé. Opó tí ó sin ọkọ rẹ̀ ní oṣù September ń kọjá níwájú òkúta ibojì àwàdà ní gbogbo òwúrọ̀ oṣù October. Ọmọ tí ó sá kúrò níbi ogun ti rí òkú gidi rí, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé fóòmù ni èyí. Àwọn àgbà wa wí pé ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ewu ara pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní oṣù May 1984, ní ibi ìgbafẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey, iná ràn mọ́ fóòmù tí a tẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdẹ́rùbani kan. Ọ̀dọ́ 8 ni ó kú nínú òkùnkùn tí wọ́n san owó láti wọ̀. Ilé ìṣòwò ni ìyẹn, kì í ṣe ojúde ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n fóòmù ni fóòmù ń jẹ́, níbikíbi tí a bá gbé fìtílà sún mọ́ ọn.

Ìtàn kan sì wà tí a kò lè ṣàìsọ, nítorí òun ni ó yí èrò wa padà lórí gbogbo ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù October, 1992, ní ìlú Baton Rouge ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Yoshihiro Hattori, ọmọ ọdún 16, tí ó wá kàwé ní Amẹ́ríkà, ń lọ síbi àsè Halloween. Òun àti ọmọkùnrin ilé tí ó wọ̀ sí ni wọ́n jọ ń wá ilé àsè náà. Wọ́n dé iwájú ilé kan tí nọ́ńbà rẹ̀ fara jọ èyí tí wọ́n ń wá, wọ́n sì rí ohun ọ̀ṣọ́ Halloween níbẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ti dé. Wọ́n tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó ilé ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó rí wọn, ẹ̀rù bà á, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì ké sí ọkọ rẹ̀ kí ó mú ìbọn. Àwọn ọmọ náà ti yí padà, wọ́n ń lọ sí ìdí ọkọ̀ wọn, nígbà tí ọkùnrin náà jáde. Ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo pàṣẹ fún wọn kí wọ́n dúró gbọin. Hattori, tí èdè náà kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ń bọ̀ wá bá a, ó ń wí pé àsè ni àwọn bá wá. Ọkùnrin náà yìn ín ní ìbọn, kò sì pẹ́ tí ó fi kú.

Ní oṣù May 1993, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ wí pé onílé náà kò jẹ̀bi ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ilé-ẹjọ́ mìíràn pàṣẹ lẹ́yìn náà pé kí ó san owó tí ó tó 650,000 dọ́là fún àwọn òbí ọmọ náà. Àwọn òbí náà kó orúkọ ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 1.7 jọ ní Japan láti bẹ̀bẹ̀ pé kí ìbọn kúrò nínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì bá Ààrẹ Clinton pàdé lórí rẹ̀ ní 1993. Kí a má sì ṣe rò pé ìtàn àtijọ́ ni. Ní oṣù April 2023, ní ìlú Kansas City, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan, òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ọdún 16, lọ mú àwọn àbúrò rẹ̀ wálé. Ó ṣi ilé tẹ aago, baba arúgbó inú ilé náà sì yìn ín ní ìbọn. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọmọ tí ń béèrè aṣọ ibùsùn ní Houston, ọmọ aláwọ̀ dúdú ni òun pẹ̀lú.

A kò wí pé ohun ọ̀ṣọ́ ni ó pa Hattori. Ìbọn ni ó pa á, àti ìbẹ̀rù tí ó gbé ìbọn náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Iwájú ilé náà ń wí fún gbogbo ọmọ tí ń kọjá pé, "Ẹ̀rù yìí, eré ni, máa bọ̀." Inú ilé náà ń bẹ̀rù ní tòótọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Gbogbo iye tí ẹ̀rù àfọwọ́ṣe ń náni, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó wà. Ẹni tí ó gbé iwin síta ti bá àwọn ọmọ àdúgbò dá májẹ̀mú pé bí wọ́n bá fi àyà gbà á kọjá níwájú ohun búburú tí òun ṣe, ojú ènìyàn àti ọwọ́ ọ̀làwọ́ ni wọn yóò bá. Ẹni tí kò bá lè san èyí kò tíì san nǹkan kan, bí ó tilẹ̀ fi dọ́là 299 ra egungun. Ẹni tí ó bá sì lè san án, aṣọ àti sítáàṣì tó fún un.

Nínú ìmọ́lẹ̀ yìí, kò ṣòro láti mọ eré tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Kí ẹ̀rù náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ó kéré jù lọ yóò fi lè rẹ́rìn-ín kí ó tó padà sílé. Bí ọmọ kan bá bú sẹ́kún, kí ẹni tí ó ṣe é bọ́ síta, kí ó tan iná, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ kan aṣọ náà. Bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bá wà ní àdúgbò, kí wọ́n fi òkúta ibojì sílẹ̀ ní ọdún náà, kí elégédé tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ gbèsè nítorí àwàdà. Bí ọkàn bá sì gbà á, kí alẹ́ náà so èso fún aláìní. Ní 1950, ní ìlú Philadelphia, àlùfáà ìjọ Presbyterian kan, Clyde Allison, àti aya rẹ̀ Mary Emma bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn ọmọ láti máa gba owó wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àdídùn wọn fún àwọn ọmọ aláìní ní ilẹ̀ mìíràn. Dọ́là 17 ni ohun tí a rí ní ọdún àkọ́kọ́ náà, ó sì lọ sọ́wọ́ àjọ UNICEF. Láti inú rẹ̀ ni àṣà kan ti dìde tí ó ti kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là jọ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a kò gbọdọ̀ ka ọ̀ràn yìí sí ti àwọn ará òkèèrè nìkan. Àwa pẹ̀lú ti ń fi ọwọ́ ṣe ẹ̀rù. A ti gbé pàṣán kọ́ ibi tí gbogbo kíláàsì yóò ti máa rí i. A ti fi ohùn wa ya àwòrán iná ọ̀run àpáàdì fún ọmọ ọdún 6 nítorí pé kò lè ka Katikísmù rẹ̀ láìsi í, a sì ti rí i kí ojú rẹ̀ ràn, a sì ti pe èyíinì ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà kan, a lọ kí àwọn òbí ọmọ kan nínú ilé wọn, ọmọ náà sì gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ nígbà tí ó gbọ́ ohùn wa. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, olùkọ́, ó bẹ̀rù yín gidigidi ni." A gbà á bí ìyìn ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni a tó mọ̀ pé a ti kọ́ ẹ̀rù sí iwájú ilé wa láìjẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ bí ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Jòhánù Àpọ́sítélì kọ́ wa pé ìfẹ́ pípé àti ìbẹ̀rù kò lè jọ gbé inú ọkàn kan. Bí pàṣán bá wà ní kíláàsì, ǹjẹ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ mọ ibi tí ó ti lè kan ilẹ̀kùn wa, kí a sì ṣí i fún un? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ará Amẹ́ríkà tí ó gbé iwin síta tí ó sì jókòó tì í pẹ̀lú abọ́ àdídùn ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ jù wá lọ.

Èsì tí a kọ padà sí Houston nìyí. A ní: Fún ọmọ náà ní aṣọ, kí o sì bá a po sítáàṣì fúnra rẹ, kí ó rí òfìfo tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà yóò dé. Má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà dá nìkan lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Bá a lọ, kí o sì lọ kìkì ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwin rẹ, kí gbogbo ọmọ tí ó bá wá rí ojú rẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ká aṣọ náà, kí ẹ sì lọ sí ilé Ọlọ́run, nítorí Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá rò ó títí, tí o sì rí i pé ìwọ kò ní lè ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ àjèjì tí ó bá kàn án ní alẹ́, má ṣe gbé ohunkóhun síta. Sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ rẹ láìfi ohun kan pamọ́, kí o sì dá aṣọ náà padà sínú àpótí.